Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Máa Sọ Àṣìṣe Ẹni Tí Ó Ti Kú?

 

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, àwa mélòó kan péjọ sí ilé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Bowie. Ètò ìkórè ni a torí rẹ̀ péjọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ètò parí tí oúnjẹ sì wà nílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fi fíìmù kan sí orí tẹlifíṣọ̀n fún wa. "Ayinla" ni orúkọ fíìmù náà. Túndé Kèlání ni ó darí rẹ̀, Jade Osiberu ni ó gbé e jáde, oṣù kẹfà ọdún 2021 sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní àwọn ilé sinimá ní Nàìjíríà. Ìtàn Alhaji Àyìnlá Ọmọwúrà ni, olórin àpàlà, ọmọ Ìtòkò ní Abẹ́òkúta.

Bí fíìmù náà ti parí ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan láàárín wa, tí a bí tí a sì tọ́ ní Abẹ́òkúta, sọ pé inú òun kò dùn sí ohun tí òun rí. Ó ní, "Ọkùnrin yìí ti lọ sí ilé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ní ọmọ ọmọ. Kí ni a tún ń kó ọtí tí ó mu àti ìjà tí ó jà síta fún? Ṣé òun lè dìde wá rojọ́ tirẹ̀ ni?"

Ọmọkùnrin kan tí ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ta ni yóò wá kù nínú ìtàn náà?"

Kò sí ẹni tí ó rí èsì tí ó tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn. Oúnjẹ tutù, aago mọ́kànlá kọjá, olúkúlùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjèèjì bá wa wọ ọkọ̀ délé, wọn kò sì jẹ́ kí a sinmi. Ìdí nìyí tí a fi mú un wá sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa, nítorí ó kan ohun kan tí àwa náà ń ṣe nínú ilé Ọlọ́run ju bí ó ti kan àwọn olórin lọ.

Kí àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín lè mọ ẹni tí a ń sọ, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀. Àyìnlá Ọmọwúrà kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ. Iṣẹ́ agbára ni ó fi jẹun kí orin tó di oúnjẹ rẹ̀. Àpàlà, orin onílù tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá, ni ó kọ, Hárúnà Ìṣọ̀lá sì ti di gbajúmọ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn Àyìnlá jáde, kò pẹ́ tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ fi dé inú ọjà, inú gáréèjì àti ibi ìyàwó gbogbo. Nígbà tí ìjọba fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, àwọn olórin bí tirẹ̀ ni ó ṣàlàyé owó tuntun fún àwọn ìyá wa tí kò lè ka ìwé ìròyìn. Nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jẹ́ ọmọ ìjọ, wọn kò gbà kí orin àpàlà wọlé. Síbẹ̀, bí a bá lọ kí àwọn ẹbí wa tí ó jẹ́ Mùsùlùmí nígbà Iléyá, ẹsẹ̀ wa mọ ìlù náà.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980, ní Abẹ́òkúta, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ọtí láàárín òun àti ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ máníjà rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ alùpùpù kan ni ó dá a sílẹ̀. Ọkùnrin náà fi ife ọtí lu orí rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ kú. Kò tí ì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Alùpùpù, ẹ̀yin ará! Nínú fíìmù náà, ìrìn àjò Lọ́ńdọ̀nù ti ń múra sílẹ̀ fún un, a sì mọ̀ bí ó ti rí lára ẹni tí ilẹ̀kùn òkèèrè fẹ́ ṣí fún.

Kí a má ṣe rò pé àwọn ará ilé nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Washington níbi tí ó bá wa pààlà ni a bí Marvin Gaye sí ní ọdún 1939, ó sì dàgbà níbẹ̀. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1984, bàbá yìí kan náà ni ó yìnbọn pa á nínú ìjà inú ilé, ìbọn tí ọmọ fúnra rẹ̀ fi ta bàbá lọ́rẹ sì ni. Ó ku ọjọ́ kan péré kí ọmọ náà pé ẹni ọdún 45. Ìbínú kò mọ olórin, kò sì mọ oníwàásù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú ni a fẹ́ sọ lónìí. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa ni èyí: lẹ́yìn tí ẹnìkan bá ti kú, kí ni àwa tí a ṣẹ́kù jẹ ẹ́ ní gbèsè? Ṣé kí a bò ó ni, tàbí kí a sọ ọ́ bí ó ti rí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn ìyá àgbà, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ lásán. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé òfin tilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin HIPAA tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1996 ni ó de ẹnu wa lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn, ìlànà tí wọ́n sì ṣe lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2013 sọ pé kí a pa àṣírí ìwé ìtọ́jú ẹni mọ́ fún 50 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn tí ó kọ ọ́ mọ̀ pé òkú ṣì ní ohun tí a lè jí lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà, a rántí Nóà tí ó mutí yó tí ó sì wà níhòòhò nínú àgọ́ rẹ̀. Ọmọ kan rí i, ó jáde lọ ròyìn. Àwọn ọmọ méjì yòókù mú aṣọ, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn wọlé, wọ́n sì bo bàbá wọn láìwo ìhòòhò rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó gba ìbùkún nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbè sẹ́yìn ọmọkùnrin yẹn náà. Ìwé kan náà tí ó yin àwọn tí ó bo Nóà ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Nóà mutí yó. Bí kò bá kọ ọ́, báwo ni àwa ì bá ṣe mọ̀? Ìwé náà kò fi ohun tí Dáfídì ṣe sí Ùráyà pamọ́. Nígbà tí Mátíù sì ń ka ìran Olúwa wa, tí ó dé orí ìyá Sólómọ́nì, ó ránni létí pé aya Ùráyà ni obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parẹ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ka ìtàn Dáfídì tí ó sọ pé wọ́n fi Dáfídì ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn ẹlòmíràn wà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí aṣọ. Ray Charles mọ̀ pé wọ́n ń ṣe fíìmù nípa òun. Wọ́n fi ìwé àwọn afọ́jú kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún un, ó fi ìka kà á, ó sì gbà kí wọ́n ṣe é, bí ó tilẹ̀ sọ nípa oògùn olóró tí ó lò àti àwọn obìnrin tí ó ń kó kiri. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2004, fíìmù náà sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Tina Turner náà kọ ìwé nípa ìyà tí ọkọ rẹ̀ fi jẹ ẹ́ ní ọdún 1986, wọ́n sì ṣe fíìmù láti inú rẹ̀ ní ọdún 1993. Ọkọ náà wà láàyè nígbà náà, ó sì kọ ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1999 láti fèsì. Ìtàn obìnrin yìí kì í ṣe eré lásán lójú wa. A ti dúró ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn obìnrin tí ojú rẹ̀ wú, tí ó ń sọ fún wa pé òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn, nígbà tí ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé ẹnìkan tí gbogbo ayé mọ̀ ti la irú rẹ̀ kọjá, tí ó sì sọ ọ́ síta, ó lè jẹ́ pé òun náà yóò la ẹnu.

Níhìn-ín ni a ó ti sọ ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn wa. Ó ti pẹ́ díẹ̀, wọ́n pè wá sí ìjọ mìíràn láti bá wọn ka ìtàn ìgbé ayé olóògbé kan níbi ìsìnkú. A ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú bí a ó ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni náà, ọmọ rẹ̀ sì gbà kí a kọ ọ́. Ìwé ètò ìsìnkú náà dára, àwọ̀ mèremère ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. A kà á pé ọkọ rere ni olóògbé, bàbá rere ni, oníwà tútù tí kì í gbóhùn sókè. Bí a ti ń kà á lọ, a rí ọmọbìnrin kan ní ìjókòó iwájú tí ó dìde, tí ó sì jáde. A rò pé ẹkún ni.

Nígbà tí ìsìn parí, a bá a ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọmọ olóògbé ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun, ẹ kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n bàbá tí ẹ kà nípa rẹ̀ yẹn, èmi kò bá a gbélé rí."

A kò mọ ohun tí a ó sọ. Ó ní, "Láti kékeré ni mo ti ń fetí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí n lè mọ irú alẹ́ tí a ó ní. Òun kan náà ni ó di kẹ̀kẹ́ mi mú lẹ́yìn títí mo fi mọ̀ ọ́n gùn. Òun ni ó ń wa takisí lọ́sàn-án tí ó ń ṣọ́ ilé ìtajà lóru kí n tó lè ka ìwé jáde. Mo fẹ́ kí ẹnìkan sọ méjèèjì. Ẹ sọ ọ̀kan tán, ẹ wá ní kí n ṣe àmín."

Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ náà ni a kò ti lè mú ìwé ètò ìsìnkú lọ́wọ́ kí ọwọ́ wa má wúwo. Àwọn àgbà wa ní, "Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè." A máa ń pa òwe yìí láti bá àwọn tí kò mọ rírì ẹni láàyè wí. Ṣùgbọ́n ó ní apá kejì. Bí a bá sọ òkú di ère, ère kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin náà wá sin bàbá rẹ̀, a sì gbé ẹlòmíràn sin fún un.

Ohun tí a rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé bíbò yàtọ̀ sí kíkùn. Àwọn ọmọ Nóà bo bàbá wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jáde wá sọ pé bàbá àwọn kì í mutí. Aṣọ tí wọ́n dà bò ó fún un láyè láti jí kí ó sì dìde. Ohun tí àwa ń ṣe nígbà mìíràn ni pé a ń fi ọ̀dà kun ara òkú, àwọn tí ó farapa lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì jókòó níwájú, wọn yóò máa wo ọ̀dà tí ń dán, wọn yóò sì máa rò pé àwọn ni wọ́n pa irọ́.

Báwo wá ni a ó ṣe máa sọ ọ́? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kọ́ wa ní ohun kan tí ó lè ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tí a bá ń kọ ìwé aláìsàn, wọ́n kọ́ wa pé kí a kọ ohun tí a rí, ohun tí a gbọ́, àti ohun tí a ṣe. A kì í kọ ọ́ pé "ọ̀mùtí ni ọkùnrin yìí." A óò kọ pé òórùn ọtí wà lẹ́nu rẹ̀, pé ó ṣubú ní aago méjì òru, pé ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ti dá ẹjọ́. Ìyókù jẹ́ òtítọ́, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni náà láti tún jẹ́ nǹkan mìíràn ní ọ̀la. Ẹni tí ó wà lórí ibùsùn pọ̀ ju alẹ́ rẹ̀ tí ó burú jù lọ.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí ni a fi padà wo fíìmù náà. Lateef Adédiméjì, tí ó ṣe Àyìnlá, fi ẹlẹ́mìí hàn wá: ẹni tí ó lawọ́, tí ó gbọ́n lẹ́nu, tí ó lè mú kí àgbàlá kan dákẹ́ kí ó tún kó sí ijó, tí ìbínú rẹ̀ sì yá bí iná ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n sọ méjèèjì. Lójú tiwa, ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀sí sí òkú. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí kókó kan. Fíìmù kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Wákàtí bíi méjì ni ó ní láti fi sọ ayé ènìyàn. Ó ní láti kó ọjọ́ púpọ̀ pọ̀ mọ́ ọjọ́ kan, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tí ó bá wò ó tí ó wá ń sọ pé òun ti mọ Àyìnlá, eré ni ó mọ̀.

Ọkùnrin tí ó lù ú náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, nítorí Adébọ̀wálé Adédayọ̀ tí wọ́n mọ̀ sí Mr Macaroni ni ó ṣe é. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rín náà dá. Ẹ kíyè sí i pé a kò dárúkọ máníjà náà gan-an nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Gbogbo ayé rẹ̀ ti di ìṣẹ́jú kan péré lójú àwọn ènìyàn, ó sì ṣeé ṣe kí ó ní àwọn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òkú, ì báà ṣe lórí pẹpẹ, ì báà ṣe ní ìdí oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, ta ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe ní àǹfààní? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rín nìkan ni a fẹ́ fi rín, kí a dákẹ́. Ohun tí ọmọ Nóà tí ó jáde lọ ròyìn ṣe nìyẹn. Èkejì, ṣé ohun tí a rí ni à ń sọ, tàbí ẹjọ́ ni à ń dá? Ẹ̀kẹta, ta ni ó farapa jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣé a ti bi í? Ẹni tí ó farapa ni ó ni ìtàn náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ó bá ní kí a bò ó, kí a bò ó. Bí ó bá ní kí a sọ ọ́, kí a má ṣe fi ìtìjú tiwa pa á lẹ́nu mọ́.

Àwa kò sọ pé kí a máa ka ẹ̀ṣẹ̀ òkú níwájú pósí. Ìsìnkú kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá lè sọ pé ẹnìkan jẹ́ oníwà tútù láì purọ́, kí a yọ ọ́ kúrò, kí a kọ ọ́ pé ó ṣiṣẹ́ méjì nítorí ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ni ìyẹn, ọmọ náà yóò sì lè ṣe àmín sí i. A sì lè fi gbólóhùn kan kún un pé kò rọrùn fún un láti bínú kí ó má ṣe ẹlòmíràn léṣe, pé a fi í lé ọwọ́ Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tán. Gbólóhùn yẹn kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ó lè gba ẹnìkan là ní ìjókòó iwájú.

Ọ̀rọ̀ wa ìkẹyìn kì í ṣe fún àwọn tí ń kọ ìwé ètò ìsìnkú. Ó jẹ́ fún ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣì wà láàyè, tí àwa náà wà nínú yín. Iṣẹ́ wà lọ́rùn wa, ojú pópó gùn, owó ilé kò dúró de ẹnikẹ́ni, a sì máa ń gbé ìbínú láti ibi iṣẹ́ wọ ilé lórí àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Àwọn ọmọ náà ń fetí sí ẹsẹ̀ wa lórí àtẹ̀gùn. Àyìnlá kò rí àyè padà sọ́dọ̀ ẹni tí òun àti rẹ̀ jọ jà. Ife ọtí kan parí ọ̀rọ̀ náà. Àwa ṣì ní àyè. Bí bàbá kan bá pe ọmọ rẹ̀ jókòó ní alẹ́ òní, tí ó sọ fún un pé, "Mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́ má bínú," ẹni tí yóò ka ìtàn rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú kò ní nílò ọ̀dà kankan.

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti sọ òtítọ́, kí ó sì fún wa ní ìfẹ́ láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a fi aṣọ bò ó. Àmín.